Ta Ló Ń Gbọ́ Ìwé Bàbá Olùkọ́?

Inú gọ́tà tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ni wọ́n ti rí fóònù náà. Ojú rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́, omi ẹlẹ́gbin sì ti wọ̀ ọ́ dé ìfun. Agbálẹ̀-títì tó rí i ló gbé e wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n kọ̀wé gàdàgbà-gàdàgbà sí lára pé: FÓÒNÙ AFỌ́JÚ NI, Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ DÁ A PADÀ. Lábẹ́ ìwé náà ni àbàwọ́n pupa kan wà, ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò géńdé.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyí, ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì wí. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

Obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí gbogbo àgọ́ ń pè ní Ìyá Abẹ́rẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé obìnrin yìí ń rán aṣọ o. Ìbéèrè rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: ẹnu rẹ̀ á kéré, á sì wọlé dé egungun. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ Sájẹ́ǹtì, ó gbé e sún mọ́ imú, ó fà á símú lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ̀jẹ̀ wo ló ń rùn bí ọ̀dà?"

Sájẹ́ǹtì náà gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀dà ni lóòótọ́.

Ẹni tó ni fóònù náà kò ṣòro láti mọ̀. Láti alẹ́ àná ni nọ́ọ̀sì kan ti wá fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ náà pé òun ń wá bàbá òun. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ojú rẹ̀ sì ti fọ́ láti ọdún pípẹ́. Bàbá Olùkọ́ ni tàgbà tèwe ń pè é. Ó mú ọ̀pá rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ àná, kò sì padà wálé mọ́. Nọ́ọ̀sì pe fóònù rẹ̀ títí, kò wọlé. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Dìde, Sájẹ́ǹtì," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ọ̀dà kì í dá rìn. Ọwọ́ ènìyàn ló gbé e débí."

*

Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn Nọ́ọ̀sì nígbà tó ṣí géètì fún wọn. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò tíì wọlé tó fi dúró. Irin ìdábùú tuntun kan wà lára géètì, àgádágodo rábándé kan sì rọ̀ mọ́ ọn. Ó fi ìka kan irin náà, ó wo ìka rẹ̀, ó sì fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nù ún.

Yàrá Bàbá Olùkọ́ mọ́ tónítóní. Wọ́n ta okùn kan mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn títí dé ilé ìwẹ̀, kí ó lè máa dì í mú lọ. Nọ́ọ̀sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún àga nínú ilé náà, kódà kó jẹ́ àlejò.

"Kí lẹ bá ara yín jà sí?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ta ló sọ fún yín pé a jà, mà?"

"Irin tuntun ẹnu géètì yín ni. Ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àgádágodo rẹ̀ kò sì ṣeé ṣí láti inú bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù olè, ará ìta ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́, kì í ṣe ará ilé."

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí ibùsùn bàbá rẹ̀. "Wọ́n ṣubú lójú títì lóṣù tó kọjá. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ gbá wọn. Mo ní wọn ò gbọdọ̀ dá jáde mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, mà, mò ń tọ́jú wọn bí ẹyin ni."

"Ẹyin kì í rìn, ọmọ mi," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n ó rọra sọ ọ́. "Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì. Ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ọ̀kan lọ́wọ́ ọkọ mi. Òun ló jó irin náà. Ajórin ni."

Ajórin fúnra rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà. Géńdé ọkùnrin ni, àyà rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ló rọra dúró bí ọmọ tó fọ́ àwo. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn.

"Níbo lo wà láàárọ̀ àná?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi, mà."

"Tààrà láti orí ibùsùn?"

"Ẹ... ẹ̀n, mo kọ́kọ́ kun géètì díẹ̀."

"Jẹ́ kí n rí ọwọ́ rẹ."

Ọwọ́ náà jáde tìjàtìjà. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ yọ fóònù tó fọ́ náà nínú ọ̀rá, ó gbé àbàwọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò Ajórin. Wọ́n bára mu bí ìbejì.

Nọ́ọ̀sì fò dìde. "Kí lo fi bàbá mi ṣe? Kí lo fi wọ́n ṣe?"

Sájẹ́ǹtì ti na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà ní ìdí rẹ̀. Ajórin kò sá. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún wọn," ló wí. "Ìyàwó mi, má bínú. Mo ń kun irin náà lọ́wọ́ ni wọ́n jáde. Wọ́n fọwọ́ wá a títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní, 'Ọkọ ọmọ mi, ìwọ lo jó eléyìí?' Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní, 'Iṣẹ́ rẹ dára. Ó tiẹ̀ dára jù.' Ni wọ́n bá gbé iwájú orí lé irin yẹn. Àánú wọn ṣe mí. Mo ṣí i. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń jáde, mo bá wọn he é."

"O rí mi tí mò ń sunkún láti àná!"

"Ẹnu mi ò gbà á. Mo rò pé wọ́n á dé nígbà kúgbà."

"Ṣé wọ́n sọ ibi tí wọ́n ń lọ?" ni Ìyá Abẹ́rẹ́ bi í.

"Wọ́n ní iṣẹ́ ń dúró de àwọn. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń dà wọ́n láàmú. Iṣẹ́ wo ló tún kù fún wọn?"

Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sétí ọ̀gá rẹ̀. "Ṣé kí n mú un?"

"Mú un fún kí ni? Wo ojú rẹ̀. Ojú apànìyàn kọ́ nìyẹn. Ojú ẹni tó ń bẹ̀rù ìyàwó rẹ̀ ni."

Ìyá Abẹ́rẹ́ yí padà. Okùn etí fóònù kan rọ̀ sórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Kò ju nǹkan kékeré lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń wọ etí ti jẹ, ó fi hàn pé kì í sinmi.

"Kí ni wọ́n máa ń fi èyí gbọ́?"

"Ìwé, mà. Ilé Ìkàwé Àfetígbọ́ ló ń fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn afọ́jú lórí fóònù. Èyí tí wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́ báyìí, ìtàn atukọ̀ kan tó sọnù sójú òkun ni. Ẹ ò lè jókòó tì wọ́n tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ. Wọ́n á mú kí ó máa yára sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, wàràwàrà-wàràwàrà, àwọn nìkan ló ń gbọ́ ohun tó ń wí."

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé okùn náà yẹ̀wò. "Bẹ́ẹ̀ wọ́n ò mú un dání. Ẹni tí kò lè ṣe kó má gbọ́ ìwé, tó ń jáde lọ, tó fi okùn etí rẹ̀ sílẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Nọ́ọ̀sì, wọ ọkọ̀ ká lọ. Mo fẹ́ kí àwọn ará ilé ìkàwé yẹn fi iṣẹ́ wọn hàn mí."

*

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé ìkàwé náà wà, lórí ilé ìtajà bàtà. Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri rẹ̀, níbi tí àwọn olóhùn iyọ̀ ti ń ka ìwé sínú ẹ̀rọ. Yàrá kejì kò ní ju tábìlì kan, kọ̀ǹpútà méjì, àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó gé irun rẹ̀ kanlẹ̀. Oníkànnì ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń bójú tó ìkànnì wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti áàpù tó wà lórí fóònù àwọn olùgbọ́.

Nọ́ọ̀sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ṣàlàyé ohun tó gbé wọn wá. Ojú Oníkànnì kọ́rẹ́, ṣùgbọ́n orí ló mì.

"Ẹ dárí jì mí, mà. Ohun tí olùgbọ́ wa ń gbọ́, àárín àwa àti òun ni. Obìnrin kan wà tó ń gbọ́ ìwé lórí bí èèyàn ṣe ń kọ ọkọ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wá síbí, ó ní ká sọ fún òun. A ò sọ. A ti bá wọn dá májẹ̀mú."

Sájẹ́ǹtì wú fùkẹ̀. "Ọlọ́pàá ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀ o!"

"Jẹ́ẹ́ ni tìẹ," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà wù ú. "O ṣeun, ọmọ mi. Má sọ ohun tó ń gbọ́ fún mi, ọmọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ó ṣì wà láàyè. Bàbá Olùkọ́ ha ti gbọ́ ìwé láti àná bí?"

Oníkànnì ronú sí i. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí kọ̀ǹpútà. Ìka rẹ̀ sáré lórí bọ́tìnnì, ó sì dúró lójijì.

"Ó gbọ́," ló wí. "Ó gbọ́ lánàá. Ó tún gbọ́ láàárọ̀ yìí."

Sájẹ́ǹtì wo fóònù tó fọ́ nínú ọ̀rá. "Pẹ̀lú èyí? Omi ló kún inú rẹ̀."

"Kò lo áàpù. Àwọn tí fóònù wọn kò lágbára máa ń pe nọ́ńbà wa kan, wọ́n á tẹ nọ́ńbà àṣírí wọn, ẹ̀rọ á máa kàwé fún wọn. Fóònù èyíkéyìí lèèyàn lè fi pè. Ẹ má bi mí pé fóònù ta ni. A kì í tọ́jú ìyẹn, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni." Ó tún tẹ nǹkan kan, iwájú orí rẹ̀ sì kájọ. "Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu o. Bàbá yìí ló máa ń yára gbọ́ ìwé jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó gbọ́ láti àná, ńṣe ló ń gbọ́ ọ jẹ́jẹ́ bí ìgbín. Á gbọ́ díẹ̀, á dá a padà. Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ìwé náà láti orí kìíní, bẹ́ẹ̀ Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á tán."

Sájẹ́ǹtì gbá ọwọ́ pọ̀. "Ajínigbé! Wọ́n jí bàbá gbé, wọ́n sọ fóònù rẹ̀ sí gọ́tà, wọ́n wá ń fi ìwé rẹ̀ najú!"

Ìyá Abẹ́rẹ́ wò ó. "Ajínigbé tó jí èèyàn gbé tán, tó wá jókòó ń gbọ́ ìtàn atukọ̀? Tó tún ń dá a padà kí ọ̀rọ̀ lè yé e dáadáa?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Oníkànnì, ó gbé e mì.

"Ẹ jẹ́ ká rò ó," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ ń bá a lọ. Ó ti dìde, ó ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín tábìlì àti fèrèsé. "Nọ́ńbà àṣírí afọ́jú, inú orí rẹ̀ ló máa ń wà. Tí ẹlòmíràn bá lò ó, Bàbá ló fún un, tàbí kí Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó tì í. Ẹni tó ń gbọ́ yìí kò mọ ìwé náà rí, ìdí nìyẹn tó fi bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò tíì mọ́ ọn lára láti máa fi etí kàwé, ìdí nìyẹn tó fi ń falẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá fi okùn etí sílẹ̀ nílé, torí okùn etí, ẹnìkan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ. Èèyàn méjì ló fẹ́ gbọ́." Ó dúró. "Kí ló sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀? Iṣẹ́ ń dúró de òun. Iṣẹ́ wo ni olùkọ́ mọ̀?"

"Ìkọ́ni," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn wọ́ọ́rọ́.

"Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló ní. Ẹnìkan tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́."

Ọkàn Oníkànnì ti balẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ti Ìyá Abẹ́rẹ́ kò tíì balẹ̀. Ó ti rí ọ̀pọ̀ èrò tó dára tó já sí òfo. Ó mọ̀ pé òkú lè fi nọ́ńbà àṣírí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn kó tó kú. Títì náà léwu, fóònù sì wà nínú gọ́tà. Ohun kan ṣì ń gún un lọ́kàn.

"Olùkọ́ kì í jáde ní kíláàsì láì sọ ibi tó ń lọ," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí inú ṣe wù kó bí i tó, á sọ fún ẹnìkan. Níbo ni ọ̀rọ̀ náà há sí?"

Oníkànnì gbé orí sókè kíá. "Ibì kan wà nínú áàpù wa tó ń jẹ́ Sọ Fún Ẹbí. Olùgbọ́ á fi ohùn rẹ̀ sọ ohun tó fẹ́, a ó fi ránṣẹ́ sí ẹbí rẹ̀. Àwa kì í gbọ́ ọ. A kàn ń rí i bí wọ́n bá ti ṣí i." Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó kọ háà. "Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ lánàá, lówùúrọ̀. Kò sí ẹni tó tíì ṣí i."

Wọ́n pe Nọ́ọ̀sì wọlé. Nígbà tó gbọ́, ó kó ọwọ́ lé orí.

"Ilé ìkàwé yín yìí? Mo ti pa yín lẹ́nu mọ́ lórí fóònù mi! Ẹ kú òwúrọ̀ lẹ̀ ń wí, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ọjọ́ Ajé, ẹ kú ìparí ọ̀sẹ̀. Ìgbà tó sú mi, mo ní n ò fẹ́ gbóhùn yín mọ́."

Ojú ti Oníkànnì débi pé kò lè gbójú sókè. "Èmi ni mò ń kọ ìkíni yẹn, mà. A rò pé inú àwọn ẹbí á máa dùn sí i ni. A ò mọ̀ pé ńṣe la fi ariwo bo ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì mọ́lẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká ṣí i ná," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ ó tọrọ àforíjì tó bá yá."

Nọ́ọ̀sì na fóònù rẹ̀ síwájú. Oníkànnì bá a tẹ̀ ẹ́. Ohùn àgbà kan jáde, ó dán, ó sì le, ohùn ẹni tó ti fi ìgbé ayé rẹ̀ bá ogunlọ́gọ̀ ọmọ wí.

"Ọmọ mi, èmi bàbá rẹ ni. Má pariwo. Ojú Ìyá Ìṣirò ti fọ́ pátápátá o, ìyá tó ń kọ́ni ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi láyé ọjọ́un. Wọ́n ní ó ti kọjú sí ògiri, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Èmi ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, mo mọ bó ti ṣókùnkùn tó. Mo ń lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi etí kàwé. Màá sun ibẹ̀. O mọ ilé wọn, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa. Wá mú mi tí ọkàn rẹ bá ti rọ̀. Ó dàbọ̀."

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ní eruku wọ òun lójú.

*

Fèrèsé ilé aláwọ̀ ewé náà ṣí sílẹ̀. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń kàwé jẹ́jẹ́ nínú yàrá. Nọ́ọ̀sì kò kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé tààrà, ó sì rí bàbá rẹ̀ lórí àga, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀, ara rẹ̀ le koko. Níwájú rẹ̀ ni arúgbó obìnrin kan jókòó sí, fóònù kékeré onítẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, abọ́ tí oúnjẹ ti tán nínú rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá mi!"

"Ìwọ náà ti dé," ni Bàbá Olùkọ́ wí. Ó na ọwọ́ dá ẹ̀rọ tó ń kàwé náà dúró, ó la apá, ọmọ rẹ̀ sì ṣubú sí i láyà bí ọmọ ọdún mẹ́fà. "Kí ló dé tí ọkàn rẹ pẹ́ kó tó rọ̀?"

"Àṣé ẹ ti sọ fún mi! Mi ò gbọ́ ni. Mo rò pé ẹ ti kú."

Ara bàbá náà rọ̀ wọ̀ọ̀. "O ò gbọ́? Mo ti ń wí fún Ìyá Ìṣirò pé ọmọ mi ṣì ń bínú. Ha! Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, jàre."

Ìyá Abẹ́rẹ́ jókòó sórí àpótí kan. "Bàbá, ẹ káàsán, sà. Ọlọ́pàá ni mí. Fóònù yín ńkọ́?"

"Ó bọ́ nígbà tí mo ń wọ ọkọ̀. Mo gbọ́ ìró rẹ̀, ọkọ̀ sì ti gbéra."

"Ẹ ò wá fi fóònù ilé yìí pe ọmọ yín?"

"Nọ́ńbà wo ni mo mọ̀? Ńṣe ni mo máa ń sọ fún fóònù pé 'pe ọmọ mi', á sì pè é."

"Ṣùgbọ́n ẹ mọ nọ́ńbà ilé ìkàwé lórí?"

Bàbá Olùkọ́ fi ọwọ́ họ irùngbọ̀n. Ìyá Ìṣirò ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ bí ẹni tí kò rín in fún ìgbà pípẹ́. "Ó dùn mọ́ mi o! Ẹ bá mi kọ́ ọ ní nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Mo ti ń wí fún un tipẹ́ pé kò mọ ìṣirò."

Nọ́ọ̀sì nu ojú. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé, bàbá mi. Mo ti pe ọkọ mi, ó ti ń gé irin géètì yẹn lulẹ̀ báyìí."

"Kí ó máa gé e lọ. Èmi ò tíì parí iṣẹ́."

Ìyá Ìṣirò gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran mọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn. "Èèyàn mélòó ló wà nínú yàrá yìí? Ẹ jókòó, gbogbo yín. Ẹ ti fi atukọ̀ sílẹ̀ sójú òkun láti ìgbà tí ẹ wọlé, ìjì sì ń bọ̀."

Ó fi ìka wá ojú fóònù náà. Bàbá Olùkọ́ na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ó fà á padà, ó fi í sórí ọ̀pá rẹ̀. Ìka arúgbó náà ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, ó kan ibi tó tẹ́jú, ó tún padà, ó sì rí kókó kékeré tó yọ lórí bọ́tìnnì àárín. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ohùn náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Sájẹ́ǹtì yọjú wọlé, ó ní ṣé kí àwọn máa lọ.

"Pa ọkọ̀ yẹn," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Wá jókòó. Ìjì ń bọ̀."